Àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni mo fara mọ́: ẹ jẹ́ ká fi àwọn ìwé tá a fẹ́ràn dán àwọn orúkọ yìí wò

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ látìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa ti béèrè pé kí la máa pe irú ìwé bíi Dune, Foundation àti The War of the Worlds lédè wa, àwọn ìwé tí òyìnbó ń pè ní science fiction. Orúkọ mẹ́rin ló ti wà nílẹ̀ báyìí: ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, ìtàn ìjìnlẹ̀, ìtàn ọjọ́ iwájú àti ìtàn ìyanu. Àbúrò wa kan tún ní ká má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu, ká kàn kọ ọ́ ní sáyẹ́ǹsì fíkíṣọ̀n, ó parí. Nǹkan tó ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ nìkan là ń wò, à ń tú u palẹ̀, à ń yẹ gírámà ẹ̀ wò, kò sì sẹ́ni tó gbé ọ̀kankan nínú àwọn orúkọ yìí lọ sídìí ìwé kan ṣoṣo kó wò ó bóyá wọ́n bára mu. Bẹ́ẹ̀ ìwé làwọn èèyàn fẹ́ràn. Orúkọ tí ò bá lè gba àwọn ìwé tí àwọn òǹkàwé ń kà lákàtúnkà, ká jù ú nù, bó ti wù kó dùn létí tó.

Ẹ jẹ́ ká mú ìtàn ọjọ́ iwájú ná, torí òun ló jọ pé àwọn tó pọ̀ fara mọ́. George Orwell gbé 1984 jáde lọ́dún 1949. Lóòótọ́ ọjọ́ iwájú ló ń wò nígbà yẹn, àmọ́ ọdún 1984 ti kọjá lọ tipẹ́, ṣé ìwé náà ti wá kúrò nínú ẹ̀yà rẹ̀ nìyẹn? Kò sẹ́ni tó máa sọ bẹ́ẹ̀. Frankenstein ńkọ́, tí Mary Shelley gbé jáde lọ́dún 1818, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ tinú tòde irú ìwé yìí ń kà sí ìyá gbogbo wọn? Ẹ̀yìn ni Shelley gbé ìtàn tiẹ̀ sí, sáyé tó ti kọjá lọ́jọ́ tó ń kọ ọ́. Kò sí ọjọ́ iwájú kankan níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tó kó ẹ̀yà ara òkú jọ, tó ka ìwé, tó ṣe ìwádìí, tó fi ohun tó kọ́ sọ ẹran òkú di ẹ̀dá alààyè, tí ẹ̀dá náà sì la ojú tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ wò ó lóru, ẹ̀rù ba akẹ́kọ̀ọ́ náà, ó sá lọ. Ìtàn ọjọ́ iwájú ò lè gbé ìwé yìí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ìpìlẹ̀.

Ìtàn ìyanu ló kàn. Ẹ̀gbọ́n tó mú un wá sọ pé ẹnu máa ń ya èèyàn tó bá ń kà á, òótọ́ ni, ẹnu ń yà wá. Àmọ́ ṣé gbogbo ohun tó ń ya èèyàn lẹ́nu ló jẹ́ ẹ̀yà kan náà? Lọ́dún 2011, ilé iṣẹ́ rédíò NPR ní Amẹ́ríkà ní káwọn olùgbọ́ wọn dìbò fáwọn ìwé tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ, wọ́n pa ìwé onísáyẹ́ǹsì àti ìwé iwin òun idán pọ̀ sójú kan, ìbò tó wọlé lé ní 60,000, The Lord of the Rings ló ṣe ìkíní, The Hitchhiker's Guide to the Galaxy ṣe ìkejì, Ender's Game ìkẹta, Dune ìkẹrin. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe dà pọ̀. Ìwé tó gba ipò kìíní, òrùka idán ni ìtàn rẹ̀ dá lé, kò sẹ́ni tó bi òǹkọ̀wé pé báwo ni òrùka ṣe ń sọ èèyàn di ohun tí a ò lè rí. Ní ti àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ tó ń lọ sáàárín ìràwọ̀, ogun pẹ̀lú ẹ̀dá àjèjì, pílánẹ́ẹ̀tì tí òjò ò ti rọ̀ ló wà níbẹ̀, òǹkọ̀wé sì jẹ wá ní gbèsè àlàyé, kódà bí àlàyé náà bá jẹ́ ẹ̀rín lásán bíi ti Hitchhiker's. Tá a bá ní ìtàn ìyanu, a ti pa méjèèjì pọ̀ padà.

Ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ dá ẹni tó sọ pé Fágúnwà ti kọ irú ẹ̀ látọdún 1938 lóhùn, pé kí la tún ń wá. Mo bọ̀wọ̀ fún Fágúnwà gidi, kò sí bí mi ò ṣe ní í bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ò sí nídìí tá à ń sọ yìí. Iwin ni iwin, ọfọ̀ ni ọfọ̀, agbára wọn ti wá pẹ̀lú wọn, kò sì sídìí tó fi yẹ kí òǹkọ̀wé máa jẹ́jọ́ lé e lórí. Ẹ wá fi Rosewater ti Tade Thompson síbi tó kángun sí i, èyí tó jáde lọ́dún 2016 tó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke, tí wọ́n ń fún irú ìwé tá à ń sọ yìí, lọ́dún 2019. Ọkùnrin kan wà nínú ìwé yìí tó ń ka inú àwọn èèyàn. Tó bá jẹ́ ìtàn iwin ni, ó parí síbẹ̀, a ó ní ó lójú inú. Àmọ́ Thompson ò fi wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ó ní nǹkan kan bí olu tó ti ayé mìíràn wá ti gba inú afẹ́fẹ́ kan, àwọn fọ́nrán rẹ̀ tín-tìn-tín lẹ̀ mọ́ awọ ara èèyàn, wọ́n sì so iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára èèyàn pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì, ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ń gbọ́ ohun tó wà nínú wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ dí i lọ́wọ́, wọ́n á da oògùn tó ń pa olu sára. Ìyàtọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí orúkọ wa gbé. Iṣẹ́ kan náà, inú kíkà, àmọ́ ọ̀kan ní ọ̀nà tó gbà ń ṣẹlẹ̀ téèyàn lè tẹ̀ lé.

Ẹnìkan wá ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ká sọ pé ìtàn ìmọ̀ ẹ̀rọ. Rárá o. Ẹ ṣí Dune, tí Frank Herbert gbé jáde lọ́dún 1965. Ọjọ́ iwájú tó jìnnà réré ni, wọ́n ń ti pílánẹ́ẹ̀tì kan bọ́ sí òmíràn, síbẹ̀ kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ rárá, wọ́n ti kà á léèwọ̀, àwọn èèyàn tí wọ́n kọ́ láti kékeré ló ń fi orí ṣe ìṣirò. Omi ni gbogbo ìwé yẹn dá lé. Aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ nínú aṣálẹ̀ ń gba òógùn, èémí àti ìtọ̀ wọn padà, ó ń sẹ́ ẹ di omi mímu. Ibì kan wà níbẹ̀ tí olórí àwọn ará aṣálẹ̀, Stilgar, wọlé wá bá Duke Leto, ìjòyè tó wá ṣàkóso pílánẹ́ẹ̀tì aṣálẹ̀ náà, ó sì tutọ́ sórí tábìlì níwájú ẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fẹ́ gbéra, wọ́n rò pé ó rí ọ̀gá wọn fín ni. Ẹni tó ti bá àwọn ará aṣálẹ̀ gbé rí ló tètè dá wọn dúró, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò pé ó fi omi ara ẹ̀ tọrẹ, òun náà sì tutọ́ tiẹ̀. Níbi tí omi ti wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀bùn ni itọ́. Ẹ̀rọ wo ló wà níbẹ̀? Kò sí. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀, nípa omi, nípa bí ojú ọjọ́ ṣe ń sọ àwọn èèyàn di irú èèyàn kan ló wà níbẹ̀, sáyẹ́ǹsì sì nìyẹn.

Ìtàn ìjìnlẹ̀ ò ní gbà wá lákòókò. Létí Yorùbá, ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ ni, ìjìnlẹ̀ èdè ni, ìjìnlẹ̀ Ifá ni, ẹni tó bá gbọ́ ìtàn ìjìnlẹ̀ máa retí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, ó máa wá bá ará pílánẹ́ẹ̀tì Mars tó ń fi iná sun ìlú, kò dáa bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, èyí tí èmi gan-an sún mọ́ jù. Ẹ̀sùn méjì ni mo ní sí i. Àkọ́kọ́, àwa Yorùbá máa ń gé ọ̀rọ̀ gígùn kúrú, kò sì ní pẹ́ tá a máa gé e sí ìtàn sáyẹ́ǹsì, ìtàn sáyẹ́ǹsì sì ti ní ìtumọ̀ tiẹ̀, ìtàn bí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe bẹ̀rẹ̀ ni, ti Galileo àti ti Newton, torí ìtàn tá a fi ń pe àlọ́ náà la fi ń pe ohun tó ṣẹlẹ̀ gidi. Ìkejì, tẹ́ ẹ bá gbé àròsọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sáyẹ́ǹsì lásán, àwọn kan máa gbọ́ ọ bíi pé sáyẹ́ǹsì náà gan-an ni wọ́n rò sọ, pé irọ́ ni sáyẹ́ǹsì yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká yọ ìtàn kúrò níwájú, ká fi oní- sáàárín: àròsọ onísáyẹ́ǹsì. Àròsọ tó ní sáyẹ́ǹsì nínú. Tẹ́ ẹ bá gé e, àròsọ ló máa ṣẹ́ kù, kò sì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní onísáyẹ́ǹsì jọ ẹni tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì. Ẹ wo eré onítàn, tá a ti ń lò tipẹ́ fún eré orí ìtàgé, ta ló gbọ́ ọ rí tó rò pé ẹnì kan ni onítàn tó ń ṣe eré ọ̀hún? Bí àpólà náà ṣe tò ló ń fi ìtumọ̀ hàn.

Ní ti sáyẹ́ǹsì fíkíṣọ̀n, ẹ jẹ́ ká rántí pé àwọn òyìnbó fúnra wọn ò bá orúkọ yìí nílẹ̀. Hugo Gernsback tó dá ìwé ìròyìn Amazing Stories sílẹ̀ lọ́dún 1926, scientifiction ló ń pè é, ọ̀rọ̀ yẹn le lẹ́nu, kò dúró, ìgbà tó di 1929 ni science fiction bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Àwọn ará Rọ́ṣíà ò yá a lò, orúkọ tiwọn ni nauchnaya fantastika. Àwọn ará Ṣáínà ní kehuan, wọ́n mú díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì, wọ́n mú díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ fún ìrònú tó jọ àlá, wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀, abẹ́ orúkọ yẹn sì ni Liu Cixin ti kọ The Three-Body Problem tó gba ẹ̀bùn Hugo lọ́dún 2015. Sáyẹ́ǹsì ti di tiwa, mi ò bá a jà. Fíkíṣọ̀n ni mi ò rídìí ẹ̀, nígbà tí àròsọ wà nílẹ̀, tó dùn, tó sì péye: a rò ó, a sọ ọ́.

Lórí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké inú irú ìwé yìí tẹ́ ẹ bi wá pé kí la máa pè wọ́n ní Yorùbá, ẹ jẹ́ kí n yára sọ tèmi. Rọ́bọ́ọ̀tì, ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ká pè é ní ìwọ̀fà onírin ronú jinlẹ̀ gan-an o, torí eré Karel Čapek ti 1920 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, láti inú ọ̀rọ̀ èdè wọn tó túmọ̀ sí iṣẹ́ àfipáṣe, àmọ́ àwọn rọ́bọ́ọ̀tì inú eré yẹn kì í ṣe onírin, ohun tó jọ ẹran ara ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Ọkọ̀ tó ń lọ sáàárín ìràwọ̀, ẹ má pè é ní ọkọ̀ òfurufú, bàálù ti gba ìyẹn. Ọkọ̀ gbalasa ló tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ̀dá tó ti ayé mìíràn wá ló le jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo ará ọ̀run. Egúngún ni ará ọ̀run, baba wa tó ti lọ ni, kì í ṣe àjèjì sí wa rárá. Kódà ọ̀rọ̀ ará yẹn fúnra ẹ̀ ò lọ jìnnà tó. Nínú Solaris, tí Stanisław Lem ará Póláǹdì gbé jáde lọ́dún 1961, òkun kan tó bo pílánẹ́ẹ̀tì kan ni ẹ̀dá náà, òkun ọ̀hún ń ronú, àwọn onímọ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò mọ ohun tó ń fẹ́. Ará ibo la máa pe òkun? Ẹ̀dá àjèjì ló gbé e, torí ẹ̀dá ò ní kó lójú tàbí kó lẹ́sẹ̀.

Ibì kan sì wà tí èdè wa ti mókè. Ursula Le Guin kọ The Left Hand of Darkness lọ́dún 1969 nípa ayé kan tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ò jẹ́ akọ, wọn ò jẹ́ abo, àfi láwọn ọjọ́ díẹ̀ lóṣù. Gẹ̀ẹ́sì fipá mú un láti máa pe gbogbo wọn ní ọkùnrin nínú ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ, àwọn òǹkàwé bá a wí lórí ẹ̀, òun náà sì padà kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ní Yorùbá, "ó" ni, "òun" ni, ó tán, kò sí wàhálà kankan. Àmọ́ a máa pàdánù níbòmíì, torí gbólóhùn ibẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, pé ọba lóyún, kò ní ta èèyàn jí lédè wa bó ṣe ta wọ́n jí lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọba tiwa ò ní akọ nínú. Ẹni tó bá máa túmọ̀ ìwé náà gbọ́dọ̀ ti fi ọgbọ́n gbìn ín sọ́kàn òǹkàwé ṣáájú pé ọkùnrin ni ọba yìí.

Ìwé tí àròsọ onísáyẹ́ǹsì ò gbé dáadáa tí mo rí ni Kindred, ti Octavia Butler, 1979. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní California lọ́dún 1976 ni nǹkan kàn ṣàdédé ń gbé lọ sí Maryland láyé ìgbà ẹrú, ó ń lọ ó ń bọ̀, kò sí ẹ̀rọ, kò sí àlàyé, Butler fúnra ẹ̀ ò sì pè é ní onísáyẹ́ǹsì. Síbẹ̀ àwọn òǹkàwé ò gbà, àárín àwọn Dune yìí náà ni wọ́n ń tò ó sí. Èmi á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìwé Fágúnwà ni. Tẹ́nì kan nínú yín bá rí i lọ́nà mìíràn, tàbí tẹ́ ẹ bá ní ìwé mìíràn tí orúkọ yìí ò lè gbé, ẹ dárúkọ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tó ti ń já.