Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù l'Ékòó, ṣé irinṣẹ́ àtijọ́ ti lé yín níbi iṣẹ́ rí?

ỌmọṢómólú: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mẹ́ta nínú àwa tí à ń kọ kóòdù ní ọ́fíìsì wa ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láìpẹ́ yìí. HR ní owó ni wọ́n ń lé lọ. Èmi rò pé irinṣẹ́ ayé ọjọ́un tí wọ́n kó lé wa lọ́wọ́ ló sú wọn. Ẹ̀yin tójú yín ti rí irú ẹ̀, ẹ wá sọ tiyín.

Ìyá_Tíṣẹ́: Owó ni.

Àkàndé_VB: Ìyá Tíṣẹ́, owó nìkan kọ́ o. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní Broad Street ni mo wà. Visual Basic 6, èdè kan tí a fi ń kọ kóòdù, ni wọ́n fi kọ ohun tí wọ́n fi ń ṣírò owó mọ́tò oníbàárà. 1998 ni Microsoft gbé e jáde, 2008 ni wọ́n jáwọ́ nínú ohun tí a fi ń kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló lè sọ kóòdù yẹn di ohun tó ń ṣiṣẹ́. Abẹ́ tábìlì bàbá kan ló wà, Windows XP ló sì wà lórí ẹ̀. Wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ bébà mọ́ ọn níwájú: MÁ PA Á O! Tí NEPA bá múná lọ, ká tó gbúròó jẹnẹrétọ̀, bàbá á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa fọwọ́ kàn án bóyá ó ṣì gbóná. Tó bá lọ kírun Jímọ̀, gbogbo wa ló ń dúró dè é. Mo ní ká kó kóòdù sínú Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà kóòdù, ó fi flash tó so kọ́rùn hàn mí, ó ní ibẹ̀ ló wà. Mo ṣí i: "Tuntun", "Tuntun gidi", "Tuntun gidi má fọwọ́ kàn".

Ohun tó wá lé mi gan-an ni pé mo lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ní Yábàá. Àwọn ọmọdé tó jókòó níwájú mi ń bi mí nípa Docker, irinṣẹ́ tó ń di sọ́fúwíà àti gbogbo ohun tó nílò pọ̀, wọ́n ń bi mí bí a ṣe ń dán kóòdù wò kó tó jáde. Kí ni kí n wí? Ọdún ń lọ, CV mi ò kúrò lójú kan. Mo kọ̀wé láàárọ̀ Mọ́ńdè.

AraYábàá: "Tuntun gidi má fọwọ́ kàn" 😂😂😂 ẹ ti pa mí

Gbọ́ngbọ́n: Ẹ má purọ́ fún wa. XP tí Microsoft ti jáwọ́ nínú ẹ̀ láti oṣù kẹrin 2014? Àwọn tó ń wá ṣàyẹ̀wò ńkọ́, wọn ò rí i ni?

Àkàndé_VB: Ọ̀gá mi, wọ́n ti yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì lára ẹ̀. Tí alábẹ̀wò bá ń bọ̀, wọ́n á gbé ìkòkò òdòdó síwájú ẹ̀.

Bísọ́lá_Mọ́báìlì: Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n gbé fún mi ní Victoria Island, RAM 4GB. Kí n ṣí Android Studio tí a fi ń kọ app fóònù, kí n lọ ra ẹ̀wà àgọ̀nyìn, kí n jẹ ẹ́ tán, kò tíì ṣí. Mo bẹ ọ̀gá, ó ní kí n máa mánéèjì ẹ̀ ná. Mo fowó ara mi ra òmíràn ní Computer Village, 16GB. Àwọn IT ní kò gbọdọ̀ wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn! Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé jíìpù tuntun MD dé. Ìyá Tíṣẹ́, ṣé owó náà nìyẹn?

Ìyá_Tíṣẹ́: Ṣé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi jíìpù ta ni?

Àǹtí_Báńkì: Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ rọra. Ohun tó pẹ́ kọ́ ló bàjẹ́. COBOL, èdè kóòdù kan, ti wà láti 1959. Lásìkò Kòrónà, oṣù kẹrin 2020, gómìnà New Jersey ní Amẹ́ríkà jókòó níwájú àwọn oníròyìn, ó ń wá ẹni tó gbọ́ COBOL, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sanwó fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ò gbé èrò náà mọ́. Ẹni tó gbọ́ ohun tí ẹlòmíì ò gbọ́ ló ń dá iye lé ara ẹ̀.

AraYábàá: Àǹtí, ẹ ka ìròyìn yẹn dópin. Ẹni tó máa yọ̀ǹda ara ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni gómìnà ń wá o!

Gbọ́ngbọ́n: Ọ̀fẹ́ kẹ̀, ní Amẹ́ríkà 😂

Ọ̀gá_Kékeré: Èmi ni irú ọ̀gá tí ẹ ń bú yìí, ẹ jẹ́ n fèsì. Ẹ rántí 2024, nígbà tí àwọn báńkì kan níbí yí sọ́fúwíà tó gbé gbogbo iṣẹ́ wọn ró padà. App ò ṣí, owó ò wọlé, èrò kún ẹnu ọ̀nà báńkì. Ìgbìmọ̀ wa rí ìyẹn, wọ́n ní kí n má dá irú ẹ̀ lábàá mọ́. Àwọn ọmọ mi sì ń lọ, mò ń wò ó. Ẹni tó bá lọ ti gbé ohun tó mọ̀ lọ, torí kò síwèé kankan tó ṣàlàyé kóòdù yẹn. Èyí tó ṣẹ́kù á máa ṣiṣẹ́ ẹni méjì lórí ohun tí kò yé e. Tó bá yá, òun náà á lọ.

AráÒwòrò: Mo wà lára àwọn tó yí tiwa padà lọ́dún yẹn, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Orí àga ọ́fíìsì la ń sùn, nínú òtútù AC. Kò sẹ́ni tó kí wa kú iṣẹ́. Nígbà tó dúró tán, èyí tó pọ̀ nínú wa kọ̀wé. Sọ́fúwíà tuntun ló lé èmi.

ỌmọṢómólú: Èyí ò sí nínú ohun tí mo bi yín o.

Kọ́lá_Agége: Èmi, Third Mainland ló lé mi. Láti Agége dé Lẹ́kí lójoojúmọ́, kí n lọ kọ ohun tí mo lè kọ lórí bẹ́ẹ̀dì mi. VPN wọn, ọ̀nà tí a fi ń wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì láti ilé, ò gbà ju èèyàn díẹ̀ lọ, àwọn ọ̀gá ló sì gba gbogbo àyè yẹn.

Gbọ́ngbọ́n: Ẹ kó lọ sí Island nígbà yẹn.

Kọ́lá_Agége: Ṣé ẹ máa bá mi san owó ilé?

AraYábàá: Bísọ́lá, 16GB yẹn, tuntun ni àbí tòkunbọ̀?

Bísọ́lá_Mọ́báìlì: Tòkunbọ̀ ni. Ẹ má rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń fa èèyàn láṣọ ní Ọtígbà o. Ẹ wọ inú ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n tàn án lójú yín, kẹ́ ẹ yọ ṣájà, kẹ́ ẹ wo bí bátìrì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Gbọ́ngbọ́n: Ẹ wo RAM náà fúnra yín. 8 ni wọ́n tà fún mi ní 16.