Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè tẹ̀lé eré Le Mans mọ́jú?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Iléṣà ni mo wà. Eré ìje mọ́tò Le Mans tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Faransé ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀, pàápàá láti 2023 tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ferrari gbà á, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1965. Wákàtí 24 gbáko, awakọ̀ mẹ́ta lórí ọkọ̀ kan! Fóònù ni mo fi ń wò ó, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ lóru, tí dátà tún tán, ilẹ̀ á mọ́ bá mi láìmọ ẹni tó wà níwájú. Ó ń dùn mí gan-an.

Ṣé ọ̀nà wà tí mo lè gbà gbọ́ ọ bíi rédíò, tí kò ní jẹ dátà púpọ̀? Ta ló sì ń wò ó ní Iléṣà tàbí Ifẹ̀, ká jọ máa wò ó?