Ta ló ti gbé ẹran báyọ́sì (ẹran tí wọ́n gé lára aláìsàn fún àyẹ̀wò) lọ sí láàbù rí? Ẹ sọ tiyín

Ọmọ Adó: Lọ́dún tó kọjá, wọ́n yọ kókó lọ́yàn yèyé mi nílé ìwòsàn aládàáni kan. Nọ́ọ̀sì fi í sínú ike, ó bu omi iyọ̀ lé e, ó ní kí n gbé e lọ sí láàbù n'Ídó. Ọkọ̀ bàjẹ́ lẹ́yìn Ìwòrókò, ilẹ̀ ṣú, mo gbé ike sùn. Lọ́jọ́ kejì, bí ọkùnrin láàbù ṣe ṣí ìdérí ni òórùn gba gbogbo yàrá. Ó fi ẹ̀mú kékeré mú un, ó já bọ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Títí dòní, a ò mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́: Yéè! Màmá ń kọ́?

Ọmọ Adó: Wọ́n ń lọ sóko wọn, mà. Èmi ni oorun ò kùn mọ́.

Bàbá Láàbù: Ó dùn mí. Omi iyọ̀ kì í dá ẹran dúró. Tó bá ti kúrò lára, ara rẹ̀ ló ń jẹ ara rẹ̀. Fọ́málíìn 10% tó ní bọ́fà (èròjà tí kì í jẹ́ kó kan) ni kí wọ́n bù sí i, kó tó ìlọ́po 10 ẹran náà, ó kéré tán. Tó bá tóbi, kí wọ́n là á, torí fọ́málíìn kì í yára wọlé: bíi mílímítà 1 ní wákàtí kan. Mo ti rí odindi ọyàn tí ìta rẹ̀ le bí rọ́bà, tí inú ti rà.

Ọ̀dọ́ Ìjerò: Ṣé fọ́málíìn tí wọ́n fi ń ṣe òkú lọ́jọ̀ náà nìyẹn?

Bàbá Láàbù: Òun náà ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́: Ìka ọwọ́ ló tú àṣírí ẹ̀. Lọ́dún 1893, dókítà ará Jámánì kan, Ferdinand Blum, ń fi pa kòkòrò àrùn, ló bá rí i pé awọ ìka òun ń le.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́: Òun náà ni wọ́n ní àwọn kan ń fi sẹ́ja!

Ọ̀dọ́ Ìjerò: Mà, ẹja kọ́ là ń sọ o.

Ará Ìkọ̀lé: Fírísà ni wọ́n gbé ti ẹ̀gbọ́n mi sí. Láàbù ní ó ti bàjẹ́.

Ọ̀dọ́ Ìjerò: Mi ò gbà. Àwọn láàbù náà a máa mú ẹran dì.

Bàbá Láàbù: Ẹ̀rọ tiwọn ń mú un dì kíákíá, wọ́n á sì gé e lójú ẹsẹ̀. Fírísà ilé ń fà á, yìnyín á ráyè tóbi, á fa inú ẹran ya.

Ọ̀dọ́ Ìjerò: Ó yé mi, sà.

Ará Ìkọ̀lé: Ọ̀la ni wọ́n máa gé ti bàbá mi. Kí ni kí n bi wọ́n?

Bàbá Láàbù: Bi wọ́n pé kí ló wà nínú ike. Kí wọ́n kọ orúkọ bàbá àti wákàtí tí wọ́n gé e sára ike, kì í ṣe sórí ìdérí, torí ìdérí a máa pààrọ̀. Ọmọ Adó, ṣé dókítà ti tún ọyàn màmá yẹ̀ wò?

Ọmọ Adó: Wọn ò gbà, sà. Wọ́n ní abẹ ò ní kan àwọn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́: Fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí mi, má fi síbí. Wọ́n gé tèmi náà rí. Èmi ni màá bá wọn sọ̀rọ̀.