Ṣé ẹ̀jẹ̀ ẹja lè sọ ìgbà tó máa yé ẹyin?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹja inú odò ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sìn. Mo fẹ́ mọ ìgbà tí àwọn abo máa yé ẹyin láìpa wọ́n, torí náà ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni mò ń fà níbi ìrù wọn kí n tó dá wọn padà sómi.

Estradiol, hòmóònù abo tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ni mo gbójú lé, torí òun ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ ẹja ṣe vitellogenin, èròjà tó ń di pupa ẹyin. Àmọ́ ó máa ń já wálẹ̀ nígbà tí ẹyin bá fẹ́ gbó tán. Tí mo bá wá rí i pé ó kéré, ṣé ẹja náà ti fẹ́ yé ni, àbí ó ti yé tán, àbí kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá? Hòmóònù DHP, tó ń mú ẹyin gbó parí, ló sún mọ́ ọjọ́ náà jù, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó lọ sílẹ̀.

Ẹja tó bá sì ti jà fitafita nínú àwọ̀n, cortisol rẹ̀, ìyẹn hòmóònù másùnmáwo, á ga, ìyẹn sì lè fa hòmóònù ìbímọ wálẹ̀. Èyí ló ń kó ìdààmú bá mi jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé ẹ máa ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ẹyin díẹ̀ wò pẹ̀lú, kẹ́ ẹ lè rí ibi tí kóró inú rẹ̀ sún dé? Báwo lẹ ṣe ń ro bí omi ṣe gbóná sí mọ́ ọn? Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe yẹ kí n tètè fa ẹ̀jẹ̀ náà tó lẹ́yìn tí mo bá mú ẹja?