Àǹtí ibiṣẹ́ mi ń bá mi wọ mọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fún wọn?

Ọmọ Sàbó:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí lọ́kàn, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì torí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í pẹ́ dé etí ẹni tí wọ́n ń sọ. Sàbó ní Ìkòròdú ni mò ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àǹtí kan wà ní ẹ̀ka tiwa, wọ́n jù mí lọ dáadáa, nígbà tí mo ra Corolla tí mò ń wà yìí ni wọ́n ní ṣé mo lè máa gbé wọn ní Ògólóńtọ̀ tí mo bá ń kọjá, mo ní kò sí wàhálà, ojú ọ̀nà mi kúkú ni. Inú mi tiẹ̀ dùn sí i nígbà yẹn, torí sún kẹrẹ fà kẹrẹ Máìlì 12 kì í fi bẹ́ẹ̀ súni téèyàn bá rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Àǹtí ti wá kó lọ sí ọ̀nà Igbógbó báyìí. Wọn ò bi mí pé ṣé ó máa rọrùn, wọ́n kàn pè mí lọ́jọ́ Sunday pé ibi báyìí ni kí n ti máa wá gbé àwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìkòròdú, ẹ mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ ṣẹ́rí lọ sí Igbógbó ná kí n tó tún padà wá já sí ọ̀nà Èkó, kí n sì tó padà dé gàréèjì àwọn bọ́ọ̀sì á ti dí gbogbo ojú ọ̀nà. Tí mo bá débẹ̀, àǹtí ò ní tíì jáde. Máa pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á ní "mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà", èmi náà á sì máa gbọ́ omi tó ń dà nínú garawa.

Ti owó epo ńkọ́? Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, lítà kan ò tíì tó ₦200. Àtìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, May 29, 2023, epo ò sinmi mọ́, nígbà tó fi máa di October 2024 ó kù díẹ̀ kó pé ₦1,000 l'Ékòó. Àǹtí ò fìgbà kan sọ pé gba èyí fi kún un. Owó ibi tá à ń páàkì sí ní Marina, èmi nìkan ni. Tí mo bá sì fẹ́ yà síbì kan tí iṣẹ́ bá parí, mi ò lè yà, torí wọ́n á ti gbé báàgì wọn dúró lẹ́nu géètì, wọ́n á máa sọ fáwọn èèyàn pé àwọn ń dúró de "mọ́tò wa".

Ohun tó wá jẹ́ kí n kọ èyí ni pé mọ́tò mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láìpẹ́ yìí, mo sọ fún wọn láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n ní "ó dáa". Ọjọ́ kejì wọ́n pẹ́ dé, wọ́n wá sọ fún ọ̀gá wa lójú gbogbo èèyàn pé èmi ni mo já àwọn sílẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Àmọ́ àwọn yìí náà ló kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n dúró tì mí níbi ìkómọ ọmọ mi láti àárọ̀ dalẹ́. Mi ò fẹ́ bá wọn jà, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé mo ń fi mọ́tò yangàn sí àwọn. Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?

Bàbá Kẹ́mi:

Pẹ̀lẹ́ àbúrò. Èmi ò ní fọ̀rọ̀ gùn, gba owó. Epo nìkan kọ́ ni mọ́tò ń jẹ, táyà ń jẹ, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pààrọ̀ ń jẹ, bíréèkì tó o ń tẹ̀ láti Májídùn títí dé Kẹtu náà ń jẹ. Wo iye tí wọ́n máa san tí wọ́n bá wọ bọ́ọ̀sì BRT láti Ìkòròdú dé CMS lẹ́gbẹ̀ẹ́ Marina, kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí ìdajì ẹ̀, kí wọ́n máa fún ẹ lọ́jọ́ Monday fún gbogbo ọ̀sẹ̀, má gbà á lójoojúmọ́, torí èyí tí wọ́n bá ń san lójoojúmọ́, wọ́n á máa ní "ṣéńjì ò sí, ó dọ̀la". Igbógbó tó ò ń lọ yẹn, dáwọ́ ẹ̀ dúró lọ́la. Kèké wà níbẹ̀ tó ń gbéèyàn wá sí gàréèjì.

Lárá_Ọ̀jọ́ta:

Ẹ má bínú o Bàbá Kẹ́mi, mi ò fara mọ́ ti owó yẹn. Àbúrò, tó o bá ti gba owó lọ́wọ́ àǹtí, o ti di dẹ́rẹ́bà wọn nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ara rẹ ò bá yá, wọ́n á ní àwọn ti sanwó ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ yà lọ kí màmá ẹ ní Ṣómólú, wọ́n á máa wo aago. Nọ́ńbà ara mọ́tò rẹ, lẹ́tà búlúù ni, ti ọkọ̀ akérò ni lẹ́tà pupa, ìwọ má fọwọ́ ara ẹ sọ mọ́tò ẹ di kabúkabú. Lójú tèmi, owó kọ́ ló ń dùn ẹ́ jù nínú gbogbo ohun tó o kọ yìí. Ohun tó ń dùn ẹ́ ni omi inú garawa yẹn àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níwájú ọ̀gá, owó kankan ò lè tán ìyẹn. Àsìkò àti ibi tẹ́ ẹ ti máa pàdé ni kó o mú le. Gàréèjì Ìkòròdú, aago báyìí, tó bá ti lu o ti lọ nìyẹn. Tí wọ́n bá wá fẹ́ ra epo sí i fúnra wọn, kí wọ́n rà á, ìyẹn ẹ̀bùn ni, kò so ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìyá Ìbejì:

Ọmọ mi, èmi jẹ́ àgbà, èmi náà sì ti wọ mọ́tò ọmọ kékeré lọ síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Téèyàn bá ti ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ tí olówó mọ́tò ń rẹ́rìn-ín, èèyàn á gbà pé inú ẹ̀ dùn sí i ni. Mi ò ní kó o máa dá ara ẹ lẹ́bi o, ohun tí mò ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí àǹtí yẹn má tiẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń gbóná. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé mi nígbà yẹn sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé, "Màámi, tí mi ò bá rí yín níbẹ̀, mo ti lọ nìyẹn, ẹ má bínú sí mi." Mi ò bínú rí. Tí n kò bá bá a, mo mọ ọ̀nà BRT. BRT ti wà láti 2008, wọ́n sì fà á dé Ìkòròdú ní 2015, ọ̀nà tiẹ̀ wà lọ́tọ̀ fún un, ọjọ́ mìíràn wà tó máa ń kọjá lára mọ́tò aládàáni tí gbogbo wọn tò síbẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Torí náà kò sí pé o já àgbàlagbà sí aginjù. Kí àǹtí ra káàdì Cowry tí wọ́n fi ń sanwó bọ́ọ̀sì, kí wọ́n fowó sínú ẹ̀, kó wà nínú báàgì.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Má sọ ọ́ lórí WhatsApp, wọ́n á fi han ẹlòmíì. Má sọ ọ́ nínú mọ́tò, ẹ̀ẹ́ jọ wà níbẹ̀ títí dé Ìkòròdú tí ẹnì kankan ò ní sọ̀rọ̀. Lọ bá wọn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ Saturday, nílé, kúnlẹ̀ kó o kí wọn dáadáa. Kó o ní: "Mà, ẹ ṣeun fún gbogbo bẹ́ ẹ ṣe mú mi dání níbi iṣẹ́. Ọ̀nà Igbógbó yìí ti ń nira fún mi láàárọ̀, mi ò ní lè máa wọlé wá mọ́. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni máa máa kọjá ní gàréèjì, tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, inú mi á dùn ká jọ lọ. Tí mi ò bá rí yín, máa máa lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kà á sí àrífín. Tí ìrọ̀lẹ́ bá sì dé, tí mo bá ní ibi tí mò ń lọ, máa ti sọ fún yín láti ọ̀sán." Ó tán. Má fi "bóyá" tàbí "tó bá ṣeé ṣe" sí i, torí ibẹ̀ ni wọ́n á dì mú.

Tí wọ́n bá bínú, jẹ́ kí wọ́n bínú fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣáà máa kí wọn láàárọ̀ bó o ṣe ń kí wọn tẹ́lẹ̀.

Akọ̀wé kékeré:

Ẹ fi èyí kún un. Lọ bá ọ̀gá yín ní bòókẹ́lẹ́ kó tó di Saturday yẹn, má lọ fẹjọ́ sùn o, sọ fún wọn nìkan pé mọ́tò rẹ bà jẹ́ lọ́jọ́ yẹn àti pé o ti sọ fún àǹtí láti ọjọ́ tó ṣáájú. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dúró lọ́kàn ọ̀gá, tí wọ́n bá fẹ́ kọ ìwé nípa iṣẹ́ rẹ lópin ọdún o ò ní mọ ibi tó ti yọjú.

Ọmọ Sàbó:

Ẹ ṣeun gan-an, pàápàá ẹ̀yin Ìyá Ìbejì, mo ti da ọ̀rọ̀ yẹn kọ sínú fóònù mi. Mi ò ní gba owó, ohun tí Lárá sọ wọ̀ mí lára, ìdúró yẹn gan-an ló ń pa mí. Ọ̀gá wa máa wà ní ọ́fíìsì lọ́la, màá kọ́kọ́ rí wọn. Ìbéèrè kan ló kù: tí òjò bá ń rọ̀ láàárọ̀ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì:

Lọ́jọ́ òjò, gbé wọn. Wọlé lọ sí Igbógbó kó o gbé wọn, kó o sì sọ fún wọn pé torí òjò ni. Ọjọ́ kejì tí òjò ò bá rọ̀, gàréèjì ni, aago márùn-ún ààbọ̀.