Ẹ́ńjìnnì MGB mi ti wá jókòó o

Mo ní kí n jábọ̀ kí n tó pa ọ̀rọ̀ yìí dé. Mo sọ fún yín níbí níjọ́sí pé MGB àtijọ́ mi, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú tó bá ti ń sáré, fáànù sì fẹ́ máa ha rédíétọ̀. Èmi náà ni mo kánjú jàre: mo ti fún bóòtù síìtì ẹ́ńjìnnì (rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé) níwájú pa kí n tó so ti gíábọ́ọ̀sì, ni ẹ́ńjìnnì bá wọ́. Mo pààrọ̀ rọ́bà tí ọ́ìlì ti bà jẹ́, mo dẹ gbogbo bóòtù kí ẹ́ńjìnnì fi ìwúwo ara ẹ̀ jókòó ná, mo wá ń fún wọn díẹ̀díẹ̀, mo sì wọn ìdagun gíábọ́ọ̀sì mọ́ ti dífù ẹ̀yìn (gíà tó ń yí táyà ẹ̀yìn), wọ́n bára mu wàyí. Díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé wáyà ẹ́ọ̀tì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ rọ́bà ò ní jẹ́ kí iná kọjá! Kò gbọ̀n mọ́. Ẹ ṣé gan-an ni.