Ta ló ti gbé mọ́tò fún oní-máṣíìnì pọ́líìṣì rí? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Dúdú Ń Dán: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Corolla mi dúdú. Tí oòrùn bá ti là, gbogbo ara rẹ̀ á kún fún àpá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn. Ẹnì kan ní kí n gbé e wá kóun fi máṣíìnì pọ́líìṣì bó àpá náà kúrò. Ṣé kò ní bà á jẹ́?

Bàbá Tóbi: Má dán an wò.

Dúdú Ń Dán: Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?

Bàbá Tóbi: Jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí fún ẹ. Ìbàdàn níbí ni, 2019. Ọmọkùnrin kan ní òun mọ̀ ọ́n ṣe. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà mi. Mi ò tètè fura pé fáìlì máṣíìnì táwọn wẹ́dà fi ń gé irin ló mú wá, ó kàn so fóòmù mọ́ ọn lẹ́nu ni. Ọ̀sán gangan, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbóná débi téèyàn lè dín ẹyin lórí ẹ̀. Ó gbé e lé etí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òórùn bí ìgbà tí ike ń jó ló kọ́kọ́ gbà mí nímú. Kí n tó dìde, ọ̀dà ti ṣí, àwọ̀ eérú ti yọ, irin ti ń wò mí. Ọmọ yìí wojú mi, ó ní, "Dádì, ó kàn wọlé díẹ̀ ni."

Ṣadé Ṣágámù: "Ó kàn wọlé díẹ̀" 😂😂😂 ẹ̀rín pa mí o

Pẹ́ńtà Mọ́kọ́lá: Ẹ má bínú sir, ọwọ́ yín lẹ fi fà á. Fáìlì máṣíìnì lè yí tó 11,000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Máṣíìnì pọ́líìṣì tiwa kì í sábà kọjá 3,000, ìdajì ẹ̀ gan-an la sì máa ń lò. Etí irin, téèpù la fi ń bò ó, torí ọ̀dà máa ń fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Abẹ́ ibòji la ti ń ṣe é. Kíláà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán tó wà lókè ọ̀dà, irun orí nípọn jù ú lọ.

Akin Ìlọrin: Ẹ fi kẹrosíìnì nù ún, kò sí àpá mọ́. Owó yín ti pọ̀ jù.

Pẹ́ńtà Mọ́kọ́lá: Á dán títí òjò á fi rọ̀.

Àǹtí Ìjàpá: Èmi pariwo jáǹdùkú lọ́jọ́ tèmi. Ìjàpá pupa bàbá mi, Volkswagen Beetle 1978, wọ́n tò ó ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Fóòmù kàn án, ó pọ́n bí ọwọ́ ẹni tó ń lọ osùn! Mo ní ọkùnrin yìí ti bó ọ̀dà bàbá mi.

Pẹ́ńtà Mọ́kọ́lá: Àǹtí, àwọn mọ́tò ìgbà yẹn kì í sábà ní kíláà. Ọ̀dà tó ti kú lójú ni fóòmù ń gbé. Tó bá jẹ́ pé ó ní kíláà ni, funfun ni ì bá máa yọ. Ṣé ó dán lẹ́yìn náà?

Àǹtí Ìjàpá: Ó dán. Mo bẹ ọkùnrin náà.

Ọmọ Peckham: Lọ́dọ̀ wa níbí ní London, búrọ́ọ̀ṣì ibi ìfọmọ́tò ló máa ń ha ọ̀dà. Mo ra máṣíìnì tó ń yí tó sì ń gbọ̀n pọ̀, kì í tètè jó ọ̀dà. Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é! Ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí.

Ìyá Ìbejì: Lásìkò ọyẹ́, ọkọ mi á fi àkísà gbígbẹ nu eruku kó tó lọ síbi iṣẹ́. Mo ní eruku yẹn yanrìn ni. Ó ní ṣé èmi ni mo ra mọ́tò ni.

Akin Ìlọrin: Ṣé ẹ̀yin lẹ rà á?

Ìyá Ìbejì: Ìdajì owó ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Jókòó síbẹ̀.

Ṣadé Ṣágámù: Akin, jókòó o 😂

Bàbá Tóbi: Jíà ẹlòmíì ń fò, pọ́líìṣì ló ń wá kiri.

Dúdú Ń Dán: Ẹ̀gbọ́n, jíà mi ò ṣe nǹkan kan o! Pẹ́ńtà, báwo ni mo ṣe máa mọ àpá tó máa lọ?

Pẹ́ńtà Mọ́kọ́lá: Àbúrò, fi èékánná wọ́ ọ kọjá. Tí kò bá kọ́ ọ, máṣíìnì á mú un. Tó bá kọ́ ọ, ó ti jìn.

Dúdú Ń Dán: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ẹ̀ ò kọ́ mi, àfi ọ̀kan gbọọrọ láti ilẹ̀kùn iwájú dé ti ẹ̀yìn.

Pẹ́ńtà Mọ́kọ́lá: Ìyẹn kì í ṣe àkísà. Kọ́kọ́rọ́ ni. Ta lo ṣẹ̀?

Ṣadé Ṣágámù: Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ ká gbọ́ eléyìí 👀